Ta Ni Í San Gbèsè Ilé Ìwòsàn Ìjọba? Àyẹ̀wò Ìdẹnukọlẹ̀ àti Àtúntò Owó Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Ìdànrè

1. Ìfáárà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ oníṣòwò bá jẹ gbèsè débi pé kò lè san án mọ́, òfin ilẹ̀ wa ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un. A lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, kí a ta ohun ìní rẹ̀, kí a sì pín owó náà fún àwọn tí ó jẹ ní gbèsè. A sì tún lè tún ètò owó rẹ̀ tò kí ó má baà kógbá sílé. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwòsàn ìjọba bá bọ́ sínú irú ipò bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí í kéde rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì á wà lẹ́nu iṣẹ́, pátákó orúkọ rẹ̀ á sì wà ní ìdúró. Oògùn ni kò ní sí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ wádìí ni ibi tí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ máa ń gbà lọ. Èrò wa ni pé gbèsè tí òfin kò fi ojú rẹ̀ hàn kì í parẹ́. Aláìsàn ni ó máa ń san án. Nítorí náà, àtúntò yòówù tí a bá fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkọ gbèsè náà sílẹ̀.

Ìdànrè ni a fi ṣe ojú ìwòye wa. Ìlú náà wà lábẹ́ òkè olókùúta tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́, kò sì ju nǹkan bí 25 kìlómítà lọ sí Àkúrẹ́. Kòkó ni òpómúléró ọrọ̀ ajé rẹ̀. Owó a máa pọ̀ ní ìgboro ní àsìkò ìkórè ní ìparí ọdún. Ọwọ́ a sì máa há nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí kòkó kò sì tíì gbó. Àìsàn kì í dúró de àsìkò ìkórè. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó sì ń gbé ní abúlé oko tí ó jìnnà sí ojú títì. A ó rí i níwájú bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe kan ọ̀rọ̀ wa.

2. Gbèsè nínú àṣà àti nínú òfin

Yorùbá kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú gbèsè. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ nípa ológò, ẹni tí a máa ń rán lọ sí ilé ajigbèsè láti lọ fi ipá gba owó. Ológò a jókòó sí agbo ilé náà, a máa pariwo, a máa gbá adìẹ ẹni tí kò jẹ gbèsè pàápàá mú, títí tí gbogbo ará ilé yóò fi wá owó náà jáde. Èyí ni a ń pè ní dídógò ti ènìyàn. Ìwọ̀fà ní tirẹ̀ a máa fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dí èlé owó tí a yá. Àwọn àṣà méjèèjì le, a kò sì gbà wọ́n níyànjú. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú wọn tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí: gbèsè ní ojú. Gbogbo agbo ilé ni ó mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́, iye tí ó jẹ́, àti ẹni tí ń retí owó.

Òfin òde òní náà ń wá irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ó wà fún ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, èyí tí a ṣe ní 1990 tí a sì fi tuntun rọ́pò ní 2020, gbà pé ilé-iṣẹ́ lè kú sínú gbèsè. Òfin ti 2020 fi ọ̀nà ìgbàlà méjì kún un: ilé-iṣẹ́ lè bá àwọn tí ó jẹ ní gbèsè ṣe àdéhùn, tàbí kí a yan alábòójútó tí yóò máa darí rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi le. Ilé ìwòsàn aládàáni tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpìnì lè jàǹfààní èyí. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ kì í ṣe kọ́ńpìnì. Ẹ̀ka ìjọba ni. Bí ontàjà oògùn bá tilẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ tí ó sì jàre, abala 84 nínú òfin tí ó de mímú ìdájọ́ ṣẹ sọ pé ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ Agbẹjọ́rò Àgbà kí ó tó lè fọwọ́ kan owó tí ó wà ní ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ajigbèsè ni yóò fún olówó láṣẹ kí ó tó gba owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ti ilẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù karùn-ún 2024, Steward Health Care, tí ó ní ilé ìwòsàn 31 ní Amẹ́ríkà, lọ sí ilé ẹjọ́ láti sọ pé apá òun kò ká gbèsè òun mọ́. Kí oṣù kẹjọ tó parí, méjì nínú àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Massachusetts ti ti ilẹ̀kùn. Èyí kì í ṣe ohun ayọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tí wọ́n jẹ lówó àti iye owó náà hàn sí gbogbo ènìyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, níbi tí ilé ìwòsàn jẹ́ ti ìjọba bí tiwa, ìjọba kéde ní oṣù kẹrin 2020 pé òun mú gbèsè tí ó lé ní £13 bílíọ̀nù kúrò lọ́rùn àwọn ilé ìwòsàn. Wọ́n lè mú un kúrò nítorí pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀.

3. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

A dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976. Láti oṣù kẹwàá 1979 ni ìjọba Adékúnlé Ajásin, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, ti fi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú òpó mẹ́rin tí ó gbé ètò rẹ̀ dúró. Èrò náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì tí gbogbo Nàìjíríà gbójú lé bẹ̀rẹ̀ sí í já láti 1981. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1983, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí Sani Abacha kà lórí rédíò ni pé àwọn ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè yìí kò ní oògùn, kò ní omi, wọn kò sì ní irinṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1986 ni a tú iye náírà sílẹ̀ ní ọjà, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Oògùn tí ń ti òkè òkun wá gbówó lórí kọjá agbára mẹ̀kúnnù.

Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò dá ètò Abíyè sílẹ̀ ní 2009, wọ́n sì fi Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ṣe ibi ìdánwò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń tọ aláboyún lọ sí abúlé, wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù tí wọn yóò fi pè wọ́n, a sì ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́ ní 2010, níbi tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Èrò rọ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye owó epo rọ̀bì já ní 2014. Nígbà tí ó fi di 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ ti jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ní 2017, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ibi tí ó ti jẹ́ ọ̀fẹ́ rí.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú ìtàn méjèèjì kò sọ pé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ burú. Ohun tí ó hàn ni pé nígbà tí ìjọba bá ṣèlérí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ láìfi owó ránṣẹ́, ọwọ́ ilé ìwòsàn ni ó ti yá owó náà, kò sì sí ìwé tí ó fi gbèsè náà hàn.

4. Bí ojú owó ṣe ń tán

Ní oṣù kẹsàn-án 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, wọ́n sì gbà pé kí ìlú máa dá sí owó oògùn. Láti inú ìpinnu yìí ni ohun tí a lè pè ní owó oògùn ayípo ti gbilẹ̀: a ó fún ilé ìwòsàn ní oògùn àkọ́kọ́, yóò tà á pẹ̀lú èrè díẹ̀, yóò sì fi owó náà ra òmíràn. Oògùn àkọ́kọ́ náà ni ojú owó.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ilé ìwòsàn kan ra 100 páálí oògùn ibà ní ₦1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì tà wọ́n ní ₦1,200. Owó tí ó wọlé jẹ́ ₦120,000. Ìwé ìṣirò á sọ pé èrè ₦20,000 ti wà. Ṣùgbọ́n bí páálí kan bá ti di ₦1,500 nígbà tí wọ́n padà dé ọjà, 80 péré ni owó náà yóò rà. Bí ó bá sì jẹ́ pé 25 nínú 100 ni a fún àwọn tí ìjọba ní kí a tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, tí ìjọba kò sì san owó rẹ̀, ₦90,000 ni yóò wọlé, 60 páálí ni yóò sì rà. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ báyìí, 60 á di 36. Ní ìyípo kẹta, kò ní ju 21 lọ. Kò sí ẹni tí ó jalè, ojú owó sì ti tán.

Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni ó tún dé ní oṣù kẹfà 2023, nígbà tí a tú náírà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦460 kọjá ₦700 kí oṣù méjì tó pé. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ilé-iṣẹ́ apoògùn GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà.

5. Ẹni tí a dógò tì

Nígbà tí ilé oògùn bá ṣófo, dókítà yóò kọ orúkọ oògùn sí ìwé pélébé, ará ilé aláìsàn yóò sì máa sáré kiri kẹ́míìsì. Wọn yóò ní kí ó ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́, kí ó dá sí owó epo jẹnẹrétọ̀, kí ó sì san owó sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo èyí jẹ́ ọ̀nà tí gbèsè ìjọba ń gbà kọjá sí ọrùn aláìsàn. Fún àgbẹ̀ tí ó ti abúlé oko wá sí Ìdànrè nínú oṣù kẹfà, owó ọkọ̀ dé Àkúrẹ́ nìkan lè tó ìdí tí yóò fi padà sílé.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, a ti rí i tí a dá ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dúró sí ilé ìwòsàn nítorí pé kò rí owó san. Dídógò ni èyí, àfi pé ó ti ṣì ọ̀nà. Ológò àtijọ́ a máa lọ jókòó ti agbo ilé tí ó jẹ gbèsè. Lóde òní, ìjọba tí ó jẹ ilé ìwòsàn ní owó ńlá kò rí ológò kankan, abiyamọ tí ó jẹ kékeré ni a dógò tì.

6. Ọ̀nà àtúntò

A kò lè sọ pé ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin ti 2022 sì sọ adójútòfò ìlera di ọ̀ranyàn, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ti ní àjọ ìlera alájọdáwó tirẹ̀. Sí ìwọ̀nyí ni a fẹ́ fi nǹkan mẹ́rin kún.

Èkíní, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ ní gbangba ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta: ohun tí ó jẹ àwọn ontàjà, ohun tí ìjọba jẹ ẹ́, àti ohun tí àwọn aláìsàn jẹ ẹ́. Èkejì, kí a máa fi páálí ka ojú owó oògùn, kí a má fi náírà nìkan kà á. Ẹ̀kẹta, kí ìlérí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ má ṣe bẹ̀rẹ̀ kí owó rẹ̀ tó dé àpò ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹrin kan Ìdànrè gan-an. Owó adójútòfò tí a ń bù nínú owó oṣù kò bá àgbẹ̀ mu. Àsìkò kòkó ni ó yẹ kí a gbà á, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nípasẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin ti mọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí láti 1935, tí ọ̀pọ̀ wọn sì fìdí múlẹ̀ lórí kòkó. Ẹnìkan lè sọ pé àwọn tí kò lóko kò ní rí nǹkan san. Òótọ́ ni, ìdí nìyí tí òfin 2022 fi dá àpò àwọn aláìní sílẹ̀, iṣẹ́ ìjọba sì ni láti fi owó sínú rẹ̀.

7. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ilé ìwòsàn ìjọba lè wọ gbèsè kú láìsí ẹjọ́, àti pé ara aláìsàn ni a ti ń gba owó náà. Àwọn àgbà ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Nínú ọ̀ràn yìí, ìjọba ni ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, aláìsàn ni ó sì ń ru igbá. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ti fún wa ní orúkọ ọ̀nà kejì láti ọjọ́ pípẹ́: àjẹṣẹ́kù. Bí ilé ìwòsàn bá ń jẹ, kí ó máa ṣẹ́ kù. Bí ìjọba bá sì jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí a kọ ọ́ sí ibi tí gbogbo agbo ilé yóò ti rí i.