Ara Tí Obìnrin Yà Fúnra Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ayàwòrán ọkùnrin nílẹ̀ Yúróòpù fi ń ya obìnrin oníhòòhò kí ojú ọkùnrin lè gbádùn rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìjọba ní Paris kò tilẹ̀ gba obìnrin wọlé títí di 1897. Ìdí nìyí tí ohun tí Paula Modersohn-Becker, ọmọ Jámánì, ṣe ní oṣù Karùn-ún 1906 fi wúwo lójú mi. Ó ya ara rẹ̀ níhòòhò dé ìbàdí: aṣọ funfun nídìí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ọwọ́ méjèèjì yí ikùn ká bí ti aboyún, bẹ́ẹ̀ kò lóyún. Ó kọ ọ́ sára àwòrán náà pé òun yà á ní àyájọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó òun kẹfà, àmọ́ ó ti fi ọkọ sílẹ̀ wá sí Paris, “P.B.” ló sì fi fọwọ́ sí i, láìsí orúkọ ọkọ níbẹ̀. Kò polówó ara fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó nìyẹn. N kò gbà. Ère ìbejì obìnrin wa lọ́mú síta, ìlẹ̀kẹ̀ sì lè wà nídìí rẹ̀. Akuaba, ère àwọn Akan ilẹ̀ Ghana, náà lọ́mú, torí ọmọ ni wọ́n fi ń tọrọ. Ara tó ń bímọ, tó ń tọ́mọ, ni wọ́n gbẹ́. Ohun tí Paula náà ń wá nìyẹn: lọ́dún yẹn kan náà, ó ya ìyá àti ọmọ tí wọ́n sùn kanra níhòòhò, ìyá náà sanra, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní ó kàn ń pọ́n ìyá ṣíṣe lé ni kò wo àárẹ̀ ara yẹn dáadáa. Ìṣòro tó wá lẹ́yìn ìbímọ ló pa Paula fúnra rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1907, lẹ́ni ọdún 31. Ní 1927, wọ́n ṣí ilé àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Bremen, àkọ́kọ́ lágbàáyé fún obìnrin ayàwòrán.