Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Ọ̀dọ́ Àkàndá ní Ọjọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò: Ìwé Ìlàlóye fún Òbí, Ọ̀gá àti Ọ̀dọ́

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, aròmi-sá-lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa lọ sí ibi tí ilé gíga pọ̀ sí, tí ọkọ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ní Irewe, tàbí ní abúlé etí ọ̀sà mìíràn lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́, mọ̀ pé inú Èkó kan náà ni ibi tí a kò lè dé láìwọ ọkọ̀ ojú omi wà, àti pé bí ọkọ̀ náà bá já ènìyàn sí ẹbúté tán, ìrìn ṣì kù kí ó tó dé òpópó márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Bí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bá ń tán ẹni tí ojú, etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ní okun, kí ni a ó ti wí nípa ọ̀dọ́ tí ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn, tàbí èyí tí kò ríran, tí ó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ jẹun bí ẹgbẹ́ rẹ̀?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àkàndá bá délẹ̀, ohun tí aráyé máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, kí ni ó lè ṣe, bí ẹni pé ara ọmọ náà nìkan ni ẹjọ́ wà. A fi oníjà sílẹ̀, a gbá alápẹpẹ mú. Oníjà gan-an ni àtẹ̀gùn ẹbúté tí ó ga ju ohun tí ẹsẹ̀ aláìlera lè gùn lọ, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ tí yóò gbé owó oúnjẹ lọ, ṣọ́ọ̀bù tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́, àti ọ̀gá tí kò gba adití síṣẹ́ rí, tí ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí tí ó dínà mọ́ ọmọ tirẹ̀ nínú wọn ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí a lè fi pákó tẹ́ àtẹ̀gùn, a lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, a sì lè wá iṣẹ́ tí kò ní í mú ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin òbí ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn. A mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó mú kí àwọn kan nínú yín fi ọmọ pamọ́ sí ìyẹ̀wù, kí àwọn ọmọ àdúgbò má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mìíràn a sì máa fi òwe rẹ ara wọn lẹ́kún pé màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run sábà máa ń lò, ọwọ́ tí ó sì sún mọ́ ọmọ jù lọ ni ti ìyá àti bàbá rẹ̀. Ọmọ tí ó di ẹni ogún ọdún láìka owó ọjà rí, láìdá ra iyọ̀ rí, tí àlejò kò bá sọ̀rọ̀ rí, bí a bá fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́ lọ́la, yóò kọ́ ayé kí ó tó kọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ rán an níṣẹ́ nílé, ẹ jẹ́ kí ó ka ẹja, kí ó ṣírò owó, kí ó sì gba ìbáwí bí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ti ń gbà á.

Àdúgbò wa kò tòṣì iṣẹ́. Ọjọ́ níbí ni ọjà Alábà wà, èyí tí òkìkí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti rédíò rẹ̀ kọjá Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká. Nítòsí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, ni ọjà Ìyànà-Ìbà wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń gẹrun, tí wọ́n sì ti ń tún fóònù ṣe. Kì í ṣe lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni a fi ń wọ iṣẹ́ ní irú ibi wọ̀nyí bí kò ṣe ọ̀gá, àdéhùn àti fírídọ̀mù, ìyẹn ìtúsílẹ̀ ọmọ iṣẹ́ nígbà tí ó bá kọ́ṣẹ́ tán, ibẹ̀ sì ni a gbà pé ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ wá àyè fún ọ̀dọ́ àkàndá.

Ẹ jẹ́ kí a wo adití tí ń kọ́ àtúnṣe fóònù. Nígbà tí ọ̀gá bá ń wá ibi tí iná ti já nínú fóònù, yóò yí mítà rẹ̀ sí ibi tí í máa ń dún bí ọ̀nà iná bá dá gaara, yóò sì máa fi imú mítà méjèèjì kan ojú bọ́ọ̀dù káàkiri láìwo mítà rárá, nítorí etí ni ó fi ń ṣe apá iṣẹ́ náà. Ọmọ tí kò gbọ́ràn kò lè gbọ́ ìró yìí, ọ̀gá tí ó bá sì ń kánjú lè rò pé ẹ̀kọ́ ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà kan náà ní ojú tí ń kọ nọ́ńbà: bí ọ̀nà iná bá dá gaara, nọ́ńbà yóò sún mọ́ òdo, bí ó bá ti já, ojú mítà yóò fi ìyẹn náà hàn. Kí a gbé mítà síbi tí ọmọ ti lè rí i, kí ọ̀gá kọ orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára páálí tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, kí òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù sì kọ́ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ nínú èdè afọwọ́sọ, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ń dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lágara kò sì ní í dà á láàmú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aṣọ rírán. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára lè lo ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí, tàbí kí a de mọ́tò kékeré mọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, kí a sì gbé ohun tí a fi ń tẹ mọ́tò náà kúrò nílẹ̀ síbi tí ìgúnpá yóò ti bà á. Ní etí ọ̀sà, níbi tí iṣẹ́ ẹja ti jẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ajé, àwọ̀n a máa ya, ẹnìkan ni yóò sì tún un ta. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń wọn ojú àwọ̀n kí ọ̀kan má baà tóbi ju èkejì lọ, ìka sì lè mọ kókó tí ó dì dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí yóò yọ̀. Afọ́jú lè kọ́ iṣẹ́ yìí nílé, láàrin àwọn ará rẹ̀, kí oníbàárà máa gbé àwọ̀n wá bá a. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni yóò ṣe àwọ̀n o. Ọmọ ìka kò dọ́gba, ọmọ tí kò fẹ́ràn omi kò gbọdọ̀ di aláwọ̀n tipátipá nítorí pé etí omi ni a bí i sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá àwọn olóore sọ, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó dára kí a pín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn àkàndá; àmọ́ ẹ̀rọ tí a fún ẹni tí a kò kọ́ níṣẹ́, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì mọ ibi tí yóò ti ra abẹ́rẹ́ rẹ̀, kì í pẹ́ tí a fi ń tà á láti fi jẹun. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi san owó ẹ̀kọ́ àti owó ọkọ̀, kí ẹ̀rọ tẹ̀lé fírídọ̀mù.

Fún àwọn tí kò ríran, ẹgbẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Òṣòdì, tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ fọ́ bí yóò ṣe máa dá rìn, bí yóò ṣe máa ka Braille àti bí yóò ṣe lo kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ẹni tí ìjàǹbá dé bá lójijì kò lè gbé iṣẹ́ ńlá ró mọ́, kí ó rántí Yínká Ayéfẹ́lẹ́, tí ìjàǹbá ọkọ̀ sọ di ẹni tí ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ní 1997, tí ó fi orin jẹun, tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ rédíò Fresh FM sílẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin pẹ̀lú ń bẹ lẹ́yìn yín. Ní 2011 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin àwọn àkàndá rẹ̀, tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí, láti inú èyí tí LASODA, ọ́fíìsì tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àkàndá ní ìpínlẹ̀ náà, ti jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ti ìjọba àpapọ̀ tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àkàndá léèwọ̀. Òfin yìí sọ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú, níwọ̀n bí ó ti ṣeé ṣe, kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá. Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó fi ìpèníjà ara du ènìyàn ní iṣẹ́ yóò san ó kéré tán ₦250,000 fún ẹni tí a ṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, ó kéré tán ₦500,000. Òfin kan náà kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi àkàndá tọrọ owó, ìbáà jẹ́ ẹbí rẹ̀ ni ó gbé e jókòó sí etí títì.

Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ àdéhùn sílẹ̀: iye ọdún, owó ẹ̀kọ́, ẹni tí yóò máa gbé ọmọ wá tí yóò sì máa gbé e padà, àti ohun tí ọ̀gá yóò tún ṣe sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí ọmọ náà. Ẹ ka ìwé náà sétí ọmọ, tàbí kí ẹni tí ó gbọ́ èdè afọwọ́sọ túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí òun fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, nítorí òun ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà LASODA, kí ó lọ sí sẹkiteríátì ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́ tàbí ti ìjọba ìdàgbàsókè Ìbà, kí ó bèèrè àwọn tí ń rí sí ìgbáyégbádùn ará ìlú, wọn yóò júwe fún un. Kí ó má ṣe fi owó lé alárinà kankan lọ́wọ́. Bí a bá sì lé ọmọ yín padà lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ara rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ gan-an, kí ẹ sì mú ìwé náà dání nígbà tí ẹ bá ń lọ sí LASODA.