Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Script Kékeré Tó Ń Ṣọ́ Iná àti Dátà Yín

Ohun tí a sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ báyìí, kí ẹ lè rí àwọn àṣẹ inú rẹ̀ dà kọ.

Lórí fóònù, ẹ kàn máa gbójú sókè ni: aago wà níbẹ̀, bátìrì wà níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wà níbẹ̀. Laptop ní irú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, status bar la ń pè é. Lórí Linux, ẹ̀yin fúnra yín lẹ lè pinnu ohun tó máa sọ. I3 la máa fi ṣàpẹẹrẹ, èyí tí Michael Stapelberg bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to àwọn ohun tí ẹ bá ṣí sójú kọ̀ǹpútà, ó sì ní bar tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ wo ẹni tó fi earpiece sétí, tó ń gé ohùn, tó sì so laptop mọ́ hotspot fóònù. Wọ́n mú iná lọ, kò mọ̀. Ètò kan ń ṣe update lábẹ́lẹ̀, ó ń jẹ dátà, kò mọ̀. Ìgbà tí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn ló máa tó mọ̀, iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ sì lè bá a lọ.

Bar yìí kò ní ọgbọ́n kankan fúnra rẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ tí script bá kọ jáde ló máa gbé sójú. Tí script bá tún kọ ìlà mìíràn, tuntun á rọ́pò ti àtijọ́. Linux náà ti ń kọ ipò bátìrì àti iye dátà sínú àwọn fáìlì kéékèèké lábẹ́ /sys, nítorí náà kíkà nìkan ló kù. Ẹ ṣí fáìlì kan, ẹ pè é ní bar.sh, ẹ fi pamọ́ sínú home yín, kí ẹ sì kọ èyí sínú rẹ̀:

#!/bin/sh
B=/sys/class/power_supply/BAT0
N=/sys/class/net/wlan0/statistics
while true; do
  iye=$(cat $B/capacity)
  ipo=$(cat $B/status)
  [ "$ipo" = "Discharging" ] && ipo="INÁ TI LỌ"
  rx=$(cat $N/rx_bytes)
  tx=$(cat $N/tx_bytes)
  echo "$iye% $ipo | Dátà: $(( (rx+tx)/1048576 ))MB | $(date +%H:%M)"
  sleep 20
done

Rx ni ohun tó wọlé, tx ni ohun tó jáde. Byte ni Linux fi ń kà á. Pípín in sí 1048576 ló sọ ọ́ di MB. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò fi àmì ohùn sórí iye àti ipo, torí shell kò gbà á nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa hàn lójú bar ló lè ní àmì.

Kì í ṣe gbogbo laptop ló ń lo BAT0 àti wlan0. Ẹ tẹ ls /sys/class/power_supply àti ls /sys/class/net láti rí orúkọ ti yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ chmod +x ~/bar.sh, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò nínú terminal: ~/bar.sh. Tí ìlà náà bá jáde dáadáa, ẹ fi Ctrl+C dá a dúró.

Ó ku i3. Ẹ ṣí ~/.config/i3/config, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ status_command i3status sí, ẹ sọ ọ́ di:

status_command ~/bar.sh

Ẹ tẹ Mod, Shift àti r pọ̀. Ó parí.

Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ kó yá sọ sleep 20 di sleep 1 o. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá ni kọ̀ǹpútà á máa jí ṣiṣẹ́, bátìrì tí ẹ ń ṣọ́ gan-an ló sì máa jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ tún mọ ibi tí agbára script yìí mọ. Tí inverter bá ń gbé charger, kò ní mọ̀ pé wọ́n ti mú iná ìta lọ. Tí ẹ bá pa laptop tí ẹ sì tún tàn án, kíka dátà máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ohun tí laptop lò nìkan ló sì ń kà. Èyí tí fóònù fúnra rẹ̀ jẹ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi bá ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà.

Tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan mìíràn kún un, inú ìlà echo ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí iná má lọ mọ́ wa lọ́wọ́ o.