Ìtọ́jú Àkójọ Ohùn sínú Sáfà Ilé

1. Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ti ń gba oríkì, ìjálá, ẹkún ìyàwó àti àlọ́ sílẹ̀ sórí téèpù. Púpọ̀ nínú àwọn tí a gba ohùn wọn ni wọ́n ti papò dà. Bí ohùn náà bá sọnù, kò sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a óò tún gbé ẹ̀rọ lọ. Àwọn kan nínú wa ti da téèpù wọn kọ sínú sáfà ilé. Ohun tí a ń pè ní sáfà níhìn-ín ni kọ̀ǹpútà kan tí a gbé kalẹ̀ nínú ilé, tí a kì í sábà pa, tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń kó nǹkan sí, tí wọ́n sì ń mú nǹkan níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò sí díìsìkì tí kì í kú. Ètò tí a ti ṣe sílẹ̀ de ikú rẹ̀ ni ó ń gba ni là, kì í ṣe owó gọbọi tí a fi ra ẹ̀rọ.

2. Ìwọ̀n àyè àti irú díìsìkì

Bí a bá da ohùn kọ ní 96 kHz àti bíìtì 24, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wákàtí kan yóò gba nǹkan bí gígábáìtì 2. Téèpù oníwákàtí kan tí ó tó 1,000 yóò gba nǹkan bí tẹ́rábáìtì 2. Èyí fi hàn pé díìsìkì onítẹ́rábáìtì 4 kan ṣoṣo lè gba àkójọ ọ̀pọ̀ ọdún. Àyè kọ́ ni ìṣòro wa, ààbò ni.

Oríṣi díìsìkì méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí ó ní àwo pẹlẹbẹ tí ń yí nínú rẹ̀. Òun ni owó rẹ̀ rọjú bí ẹrù bá pọ̀. Èkejì ni SSD, tí kò ní ohunkóhun tí ń yí. Ó yára, ó sì dára fún ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a kó ohùn sí i kí a wá tì í mọ́ àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfún un ní iná, nítorí iná tí ó fi ń rántí nǹkan lè jò dànù díẹ̀díẹ̀.

Díìsìkì alàwo náà pín sí méjì. Nínú CMR, ìlà tí a ń kọ nǹkan sí wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú SMR, àwọn ìlà náà gun ara wọn bí páànù orí ilé, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fẹ́ tún ọ̀kan kọ, a ní láti tún àwọn tí ó tẹ̀ lé e kọ pẹ̀lú. Èyí máa ń fa ìdádúró púpọ̀ nínú sáfà. Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Western Digital jẹ́wọ́ pé SMR ni àwọn kan nínú díìsìkì Red tí wọ́n ń tà fún irú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, kí a yẹ ìwé díìsìkì wò kí a tó sanwó.

3. Àmì àìsàn

Díìsìkì máa ń ṣàkọsílẹ̀ ìlera ara rẹ̀. SMART ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ náà. Ní ọdún 2007, àwọn òṣìṣẹ́ Google tẹ ìwádìí jáde lórí díìsìkì tí ó lé ní 100,000. Wọ́n rí i pé bí àyẹ̀wò bá ti rí àbùkù àkọ́kọ́ lójú díìsìkì, ṣíṣeéṣe kí ó kú láàárín ọjọ́ 60 fi ìlọ́po 39 ju ti èyí tí kò ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó kú tí kò fi ọ̀kankan hàn nínú àmì mẹ́rin tí ó lágbára jù. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀: bí a bá rí àmì, kí a pààrọ̀ díìsìkì náà kíá, bí a kò bá sì rí i, kí a má ṣe torí rẹ̀ sùn.

4. RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́

Ní ọdún 1988, Patterson, Gibson àti Katz ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley ṣàlàyé ètò tí a ń pè ní RAID. Nínú RAID 1, ohun kan náà ni a ń kọ sórí díìsìkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ kò dúró. Èyí dára, ṣùgbọ́n bí a bá ṣèèṣì pa fáìlì kan rẹ́, yóò parẹ́ lórí méjèèjì. Bí olè bá sì gbé sáfà, ó gbé méjèèjì lọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìlànà tí ó gbéṣẹ́ ni pé:
(i) kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta;
(ii) kí wọ́n wà lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì;
(iii) kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn, bí àpẹẹrẹ lọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa ní ìlú mìíràn.

5. Iná àti àyẹ̀wò

Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí sáfà ń kọ nǹkan, fáìlì lè bàjẹ́. Kí a ra UPS, kí a sì fi wáyà so ó mọ́ sáfà kí sáfà lè pa ara rẹ̀ kí bátìrì tó tán. ZFS, tí Sun Microsystems ṣe, máa ń fi nọ́ńbà àyẹ̀wò ti gbogbo ohun tí ó bá kọ. Bí nọ́ńbà kò bá bá a mu nígbà kíkà, yóò fi ẹ̀dà tí ó dára lórí díìsìkì kejì tún un ṣe. Kí a máa pàṣẹ fún un lóṣooṣù kí ó ka gbogbo díìsìkì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí agbára bá gbé e, kí a ra RAM oní-ECC, tí ń tún àṣìṣe kéékèèké inú ara rẹ̀ ṣe.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé díìsìkì méjì tí ó jọra kò tó, àti pé àìrí àmì àìsàn kì í ṣe ìlera. Ó ku ohun kan. Ẹ̀dà tí a kò tíì dán wò kò yàtọ̀ sí ẹ̀dà tí a kò ní. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí a mú fáìlì kan jáde láti inú ẹ̀dà ìpamọ́, kí a sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.