Ṣé O Mọ̀? Ọjọ́ Tí Wọ́n Sìnkú Oko Ẹrú

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ bá ti pé, ọlidé ni ní Jàmáíkà, Trínídáàdì àti Bábádọ́ọ̀sì? Ayẹyẹ ìbọ́ lóko ẹrú ni. Lọ́jọ́ náà ní 1834 ni òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1833 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì kan nǹkan bí 800,000 èèyàn.

Ṣé o mọ̀ pé òmìnira ọjọ́ yẹn kò pé? Ní ibi tó pọ̀ jù, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà nìkan ló bọ́ pátápátá. Àgbà á ṣì máa sin olówó rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, títí dé wákàtí 45 lọ́sẹ̀, fún ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Wọ́n pè é ní ìkọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ wo ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ ẹni tó ti ń gé ìrèké láti kékeré? Ìwọ̀fà pàápàá, owó ni wọ́n yá kó tó máa sìn. Àwọn yìí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ọjọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ gan-an ni èrò ya lọ bá gómìnà ní Port of Spain, ní Trínídáàdì, wọ́n ní àwọn kò ní sìn fún ọdún mẹ́fà. Ìgbà tó di 1838, ìkọ́ṣẹ́ ti dópin.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe àánú nìkan ló bí òfin náà? Ní Kérésìmesì 1831, ní Jàmáíkà, Samuel Sharpe, ẹrú tó tún jẹ́ díákónì, ní kí ẹnikẹ́ni má padà sóko láìgba owó iṣẹ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ di ogun, ilé àwọn olóko jó. Wọ́n pa èèyàn tó lé ní 300, wọ́n sì so Sharpe kọ́ ní oṣù karùn-ún 1832. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí òfin fi jáde.

Ṣé o ti gbọ́ nípa òkú ọlọ́dún 276? Ní Falmouth, ní Jàmáíkà, lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù keje 1838, nígbà tí ìkọ́ṣẹ́ fẹ́ dópin, ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣe àìsùn pẹ̀lú pásítọ̀ wọn, William Knibb. Wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pàṣán àti irin tí wọ́n máa ń há mọ́ ẹrú lọ́rùn sínú pósí, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ ikú sára pósí, wọ́n kọ ọjọ́ orí olóògbé, ìyẹn oko ẹrú: ọdún 276. Kà á padà sẹ́yìn, 1562 lo máa bá, ọdún tí John Hawkins, olówò ẹrú Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ wá kó èèyàn ní etíkun Áfíríkà. Nínú gbogbo ìsìnkú tí mo ti kà nípa rẹ̀, èyí nìkan ló dùn mọ́ mi.

Ní ẹkùn Portland, ní Jàmáíkà, ijó Bruckins ni wọ́n fi ń ṣayẹyẹ òmìnira náà. Ẹgbẹ́ aláṣọ pupa, ẹgbẹ́ aláṣọ búlúù, ọba àti olorì níhà kọ̀ọ̀kan, idà lọ́wọ́. Wọ́n á tẹ orúnkún, wọ́n á fà sẹ́yìn, wọ́n á tún yọ́ síwájú, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ méjì ni ti Bẹ̀múdà, láti 1902.

Ṣé o mọ̀ pé Jàmáíkà pa ọlidé yìí tì nígbà tó gba òmìnira ní 1962? Ó di 1997 kí wọ́n tó dá a padà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Trínídáàdì ní tirẹ̀ yọ ọlidé Columbus kúrò ní 1985, ó fi ti ìbọ́ lóko ẹrú rọ́pò rẹ̀.

Àwa náà wà níbẹ̀ o! Lẹ́yìn 1838, ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ni wọ́n kó lọ ṣiṣẹ́ ní Trínídáàdì. Títí dòní, wọ́n ń bọ Ṣàngó níbẹ̀. Ní Westmoreland, ní Jàmáíkà, abúlé kan ń jẹ́ Abẹ́òkúta.

Ṣé o wá mọ ẹni tó gba owó gbà-máà-bínú? Olówó ẹrú ni: £20 mílíọ̀nù. Ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yá £15 mílíọ̀nù nínú rẹ̀, 2015 ni gbèsè náà sì tó tán nílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Peckham, nọ́ọ̀sì Jàmáíkà tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù, owó orí wọn wà nínú owó tí wọ́n fi san án. Láti 2014 ni CARICOM, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Kàríbíánì, ti ka ohun mẹ́wàá tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba Yúróòpù nítorí oko ẹrú. Ìtọrọ àforíjì tó kún ni àkọ́kọ́.