Ẹni Tí Ń Ṣọ́ Ẹ̀mí Lẹ́bàá Pápá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé olùtọ́jú àwọn eléré ìdárayá kò ju ẹni tí ń gbé omi kiri lọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kínní 2023, ọkàn Damar Hamlin, agbábọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà, dáṣẹ́ dúró lórí pápá ní Cincinnati. Denny Kellington, olùtọ́jú nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, sáré tẹ̀ ẹ́ láyà. Kí ọdún náà tó parí, Hamlin tún ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àkọsẹ̀bá. Ní 1990 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ka iṣẹ́ yìí mọ́ iṣẹ́ ìlera. Ní 2015, àwọn aṣáájú rẹ̀ pinnu pé oyè kejì ti yunifásítì ni yóò di ẹnu-ọ̀nà sínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá yege nínú ìdánwò rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ ńlá tàbí láàrin àwọn ọmọ ogun.

Àwọn kan ń ráhùn pé owó ẹ̀kọ́ náà wọ́n, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹjọ́ wọn tọ́. Ṣùgbọ́n owó oṣù ni ó yẹ kí ó gòkè, kì í ṣe ìmọ̀ ni ó yẹ kí ó relẹ̀.

Nílé níhìn-ín, a kò gbàgbé Samuel Okwaraji, tí ó ṣubú tí ó sì kú lórí pápá ní Surulere, ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó fẹ́ràn eré àti sáyẹ́ǹsì mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.