Sípíkà àti Tùwítà Nínú Mọ́tò: Ọwọ́ Tí A Fi Ń So Wọ́n Ló Ń Sun Rédíò

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń wa mọ́tò tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, pàápàá àwọn ọmọ wa tó ń ná ọ̀nà Udu sí Enerhen lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí fújì dùn létí èrò inú ọkọ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Bí wọ́n ṣe ń so sípíkà mọ́ rédíò ló ń kọ wá lóminú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Bí ẹ bá fi àwo Àyìndé Barrister sí i, ọkùnrin tó di olóògbé ní 2010, sípíkà ńlá ló ń gbé ohùn ìlù tó wúwo jáde, tùwítà ló ń gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Wáyà inú tùwítà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, kò lè gba ìlù ńlá mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí kàpásítọ̀ kékeré kan fi ń wà lójú wáyà pọ́sítíìfù rẹ̀. Asẹ́ ni. Ó ń dá ohùn tó wúwo dúró, ó ń jẹ́ kí èyí tó tínrín kọjá. Èyí tí wọ́n kọ 4.7 sí lára ni ẹ óò rí jù lọ́jà. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, irú èyí tí kò ní ojú pọ́sítíìfù àti négétíìfù ni kí ẹ béèrè. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kan a gé e dànù, wọ́n á ní ó ń dín ohùn kù. Tùwítà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú. Àwọn mìíràn a fi mítà wọn tùwítà láti iwájú kàpásítọ̀, bí mítà kò bá ti mira, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o! Kàpásítọ̀ kì í jẹ́ kí iná bátìrì mítà kọjá ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Ohun tó ń pa rédíò jù ni kí á máa to sípíkà jọ sórí wáyà kan ṣoṣo. Óòmù ni òṣùwọ̀n ìdènà tí sípíkà ń ṣe fún iná tó ń ti inú rédíò bọ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ óòmù 4, ọ̀pọ̀ rédíò kò sì fẹ́ kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá so sípíkà méjì pọ̀, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, négétíìfù mọ́ négétíìfù, ìdènà di 2. Bí ó bá di mẹ́ta, kò tó 1.5 mọ́. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n bá kọ́ afárá mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Udu: ọkọ̀ tó ń kọjá á di ìlọ́po méjì. Inú rédíò sì ni gbogbo iná yẹn ti ń wá. Á gbóná, á máa kú, á máa jí, títí yóò fi dákẹ́ pátápátá. Tùwítà kan tó ní kàpásítọ̀ lè bá sípíkà kan gbé lórí wáyà kan náà, nítorí kò bá a pín ohùn tó wúwo. Tùwítà mẹ́rin kọ́ o! Ẹni tó bá fẹ́ ariwo jù bẹ́ẹ̀, kí ó ra áńpù.

Ẹ jọ̀ọ́, négétíìfù sípíkà kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì. Nínú àwọn mọ́tò àtijọ́ kan, wọ́n máa ń so ó mọ́ irin ọkọ̀, àwọn rìwáyà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sì ti mọ́ ọn lára. Nínú rédíò òde òní, wáyà méjèèjì ló ń gbé ohùn jáde. Èyí tó bá kan irin nínú wọn lè sun rédíò. Lára rédíò inú páálí, funfun ni ti iwájú lápá òsì, aláwọ̀ eérú ni ti iwájú lápá ọ̀tún, aláwọ̀ ewé ni ti ẹ̀yìn lápá òsì, pọ́pù ni ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Èyí tó ní ìlà dúdú nínú wọn ni négétíìfù. Wáyà ara mọ́tò tòkunbọ̀ kì í sábà tẹ̀lé ètò yìí, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó so ó.

Èyí tó lè gbẹ̀mí ni ti fíùsì. Nítorí pé iná mọ́tò kì í gbé èèyàn bí iná ilé, a máa ń fojú di í. Ẹ bi àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ rí ní Delta Steel ní Aladja, iléeṣẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1982: iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yọ́ irin níbẹ̀. Agbára bátìrì mọ́tò kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí wáyà pọ́sítíìfù rẹ̀ bá bó tó sì kan irin ọkọ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á pọ́n bí ẹ̀yinná kí a tó pajú pẹ́, rọ́bà rẹ̀ á yọ́, kápẹ́ẹ̀tì á gbiná. Ẹ rò ó wò bí èrò bá wà lẹ́yìn, tí kẹ́ẹ̀gì epo wà nínú bùùtù, tí ẹni tó ń wakọ̀ kò sì tíì san owó ọkọ̀ tán. Fíùsì ló yẹ kó já kó tó di bẹ́ẹ̀. Wáyà ló ń dáàbò bò, nítorí náà, itòsí bátìrì ni ti wáyà áńpù gbọ́dọ̀ wà, kí ó má jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ. Ti ẹ̀yìn rédíò sábà máa ń jẹ́ 10 tàbí 15. Bí ó bá já, ẹ wá ohun tó já a. Ẹni tó fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e, tó sì ní òun ti tún un ṣe, iná ló ń pè.

Ẹ dúró ti rìwáyà yín. Kí ó kọ́kọ́ tú négétíìfù bátìrì. Kí ó fi rọ́bà sí ojú ihò irin tí wáyà ń gbà wọlé, kí ó fi lẹ́ẹ̀dì jó ojú ìsopọ̀ kó tó fi téèpù wé e. Kí wọ́n tó dé pátákó ilẹ̀kùn padà, ẹ jẹ́ kí rédíò máa kọrin, kí ẹ sì yí gíláàsì sókè sódò bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ohùn bá ń já, gíláàsì ló ń gé wáyà. Kí wọ́n tún ọ̀nà rẹ̀ yà kí wọ́n tó dé e.